Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ nípa Gajah Mada, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Bubat

Bí ọ̀rọ̀ Gajah Mada bá dé kíláàsì, ibi ìbúra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń gbà wọlé. Ó dùn ún sọ, mi ò jiyàn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkùnrin náà ṣe mahapatih, ìyẹn olórí gbogbo ìjòyè ilẹ̀ Majapahit ní erékùṣù Java, ló bá dìde níwájú ọba, ó ní òun kò ní fẹnu kan palapa (ọ̀pọ̀ gbà pé èròjà tó ń mú oúnjẹ dùn ni) títí gbogbo erékùṣù tó yí wọn ká yóò fi tẹrí ba. Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́. Ìyókù ẹ̀kọ́ náà á wá di ìtàn akọni: ó búra, ó ṣẹ́gun, ó kú. Èmi kì í gba ibẹ̀. Bubat ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ́ni ní ìtàn.

Lọ́dún 1357, Hayam Wuruk ọba Majapahit fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin ọba Sunda. Erékùṣù kan náà ni wọ́n jọ wà, Majapahit ní ìlà oòrùn, Sunda ní ìwọ̀ oòrùn. Ọba Sunda mú ọmọ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, òun àtàwọn ìjòyè rẹ̀, wọ́n sì pàgọ́ sí Bubat nítòsí olú-ìlú. Ìgbéyàwó ni wọ́n bá wá. Gajah Mada ní kò rí bẹ́ẹ̀: kí wọ́n fa ọmọ náà kalẹ̀ bí ẹni san ìṣákọ́lẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé abẹ́ Majapahit ni Sunda wà. Àwọn àlejò kọ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì pa ọba Sunda àtàwọn èèyàn rẹ̀ síbẹ̀.

Bí mo bá ti sọ ìyẹn tán, mi ò ní ṣàlàyé kankan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: ta ló sọ fún wa?

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó sún mọ́ ayé Gajah Mada jù ni Nagarakretagama, tí Prapanca parí lọ́dún 1365, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Gajah Mada kú. Ará ààfin ni Prapanca, òun ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Búdà fún ọba, ó sì wà lára àwọn tó tẹ̀lé Hayam Wuruk rìnrìn àjò ńlá ọdún 1359. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ láàfin tí kò ní gbọ́. Ó yin Gajah Mada dáadáa, pé ọlọ́gbọ́n ni, pé ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀, pé olóòótọ́ ni sí ọba. Nípa ìpakúpa Bubat, kò sọ ohunkóhun. Ó to orúkọ ọ̀pọ̀ ìlú jọ tó ní wọ́n ń wárí fún Majapahit, láti Sumatra títí dé àgbègbè New Guinea, àmọ́ kò ka Sunda mọ́ wọn. Oríkì ọba ni ìwé náà, ẹ rántí. Kì í ṣe ohun gbogbo ni akígbe ọba ń ké.

Ìwé ìtàn mìíràn, Pararaton, ló mẹ́nu ba ìpakúpa náà. Ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó kọ ọ́, ó sì ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn Gajah Mada kó tó di odidi ìwé tó wà lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ tó mú dáadáa á sọ lójú ẹsẹ̀ pé, a jẹ́ pé a kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀rọ̀ Bubat gbọ́. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ fún wọn pé inú Pararaton yìí kan náà ni ìbúra palapa ti wá. Prapanca kò mẹ́nu kàn án, kò sì sí nínú òkúta ìrántí kankan tí wọ́n gbẹ́ láyé ìgbà náà. Bí ẹ bá ju ọ̀kan dànù torí pé ìwé náà pẹ́ kó tó dé, kí lẹ fẹ́ ṣe sí èkejì? Olùkọ́ tó fi ìbúra kọ́ni bí òtítọ́ pọ́nńbélé, tó sì fi Bubat sílẹ̀ bí àhesọ, ó ti yan èyí tó wù ú, kò sì sọ fún ọmọ.

Ìwé kẹta wà, ewì gígùn kan tí wọ́n ń pè ní Kidung Sunda. Níbẹ̀ ni ọmọbìnrin ọba ti gbẹ̀mí ara rẹ̀, tí ìbànújẹ́ pa Hayam Wuruk, tí Gajah Mada fúnra rẹ̀ sì pòórá kí wọ́n tó rí i mú. Ẹkún ni. Ṣùgbọ́n Hayam Wuruk wà lórí oyè títí di ọdún 1389, Gajah Mada sì kú lọ́dún 1364. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí àṣìṣe yẹn fúnra wọn. Ẹ fún wọn ní ọdún bó ṣe wà nínú ìwé àtijọ́, ní kàlẹ́ńdà Saka, kí wọ́n fi 78 kún un: 1279 á di 1357, 1286 á di 1364. Ọmọ tí kò fẹ́ràn ìtàn rárá á fẹ́ràn ìṣirò yẹn.

Lẹ́yìn Bubat ni mo tó ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀, kíláàsì á sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fetí sílẹ̀. Lọ́dún 1319, olórí ẹ̀ṣọ́ ọba ni Gajah Mada nígbà tí Ra Kuti, ìjòyè kan láàfin, dìtẹ̀ mọ́ ọba Jayanegara. Òun àti ẹ̀ṣọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbé ọba sá lọ sí Badander lóru. Ọ̀kan nínú àwọn èèyàn wọn tọrọ àyè láti padà sílé. Gajah Mada pa á, kó má baà tú àṣírí. Òun alára wá yọ́ padà sí olú-ìlú, ó ní ọba ti kú, ó ń wo ojú àwọn ìjòyè. Wọ́n sunkún. Ó ní ṣé wọn ò ní sin Kuti ni? Wọ́n ní Kuti kọ́ ni olúwa àwọn. Ìgbà náà ló tó sọ òótọ́ fún wọn. Pararaton ló sọ èyí náà o. Lọ́dún 1328, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Tanca pa ọba yìí kan náà, Gajah Mada sì pa Tanca lójú ẹsẹ̀. Kí ló dé tí kò jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn láti jà lé lórí.

Ọba obìnrin ló jẹ lẹ́yìn ìyẹn, Tribhuwana, lábẹ́ rẹ̀ sì ni Gajah Mada ti di mahapatih ní àwọn ọdún 1330. Àwọn ìjòyè fi ìbúra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ra Kembar bú u, kò sì pẹ́ tí Kembar fi di ẹni ikú. Majapahit ṣẹ́gun Bali lọ́dún 1343.

Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá, ẹnì kan á ṣáà nawọ́ pé, “Gáà nìyẹn!” Kò jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Baṣọ̀run Gáà ní kí ọba kú, ọba kú, kí Abíọ́dún tó gbẹ̀san lọ́dún 1774. Kò sí ìwé tó fi Gajah Mada hàn bí ẹni tó yọ ọba lóyè ní gbangba. Lọ́dún 1351, òun ló kọ́ ilé ìrántí fún Kertanegara, ọba tó ti kú láti ọdún 1292. Òkúta tí wọ́n kọ ọ́ sí wà títí dòní, ẹ̀rí tó sì dájú jù nípa rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó kú, ọba kò rí ẹnì kan tó lè gba ipò rẹ̀, ó pín iṣẹ́ náà fún àwọn mélòó kan.

Ẹ má fi àwòrán ojú rẹ̀ tó kún íntánẹ́ẹ̀tì han ọmọ láìṣàlàyé. Orí amọ̀ kan tí wọ́n rí ní Trowulan, níbi tí olú-ìlú Majapahit wà láyé àtijọ́, ni Muhammad Yamin, òǹkọ̀wé àti olóṣèlú ará Indonéṣíà, mú, tó ní Gajah Mada nìyí, ní àkókò tí Indonéṣíà ń jà fún òmìnira tí wọ́n sì nílò baba ńlá kan tó so erékùṣù pọ̀. Kò sí ẹ̀rí. Síbẹ̀, ojú yẹn ló wà lára ère káàkiri. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Yogyakarta láti ọdún 1949, ilẹ̀ Indonéṣíà sì sọ sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́, ti ọdún 1976, ní Palapa. Ní Bandung, láàárín àwọn ọmọ Sunda, ó di ọdún 2018 kí wọ́n tó fi orúkọ Majapahit àti Hayam Wuruk sọ òpópónà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí mo máa ń fún wọn kò gùn. Kí ọmọ fi ara rẹ̀ sípò Prapanca lọ́dún 1365, ọba ń retí ìwé rẹ̀. Kó kọ ìpínrọ̀ kan lórí Bubat, kó sì kọ sí ẹ̀yìn bébà ohun tó yọ kúrò níbẹ̀ àti ẹni tó ń bẹ̀rù.