Kéèsì mánéjà: ẹni tó ń di okùn ìtọ́jú ọpọlọ mú

Lẹ́nu tiwa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni "kéèsì". Bí wọ́n bá ní lágbájá ní kéèsì, tẹ̀ṣọ̀n tàbí kóòtù ló máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Lọ́jọ́ tí mo fi orúkọ oyè náà sọ ara mi fún ìyá àgbàlagbà kan ní Òde Rẹ́mọ, ó dìde lórí àga, ó ní, "Kí lọmọ mi tún ṣe?" Ó pẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Látọjọ́ náà, "nọ́ọ̀sì tó ń bá ọmọ yín rìn" ni mò ń pe ara mi. Alábàárìn. Lójú tèmi, kò sí Yorùbá tó bá iṣẹ́ náà mu tó bẹ́ẹ̀.

Kéèsì mánéjà nínú ìtọ́jú ọpọlọ láàrin ìlú ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n fa aláìsàn lé lọ́wọ́, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì pé òun ni ká bi léèrè. Dókítà ló ń kọ oògùn. Iṣẹ́ ti alábàárìn ni kó mọ̀ bóyá oògùn náà délé, bóyá ẹni tó ni ín ń lò ó, ohun tó dé tí kò fi lò ó, àti ẹni tó lè bá a mójú tó o. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan owó ilé, oúnjẹ, iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ìjà ẹbí, òun náà ni yóò wá ẹni tó yẹ lọ bá, tí yóò sì padà wá wò ó bóyá ẹni náà ṣe é.

Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ yìí ti gba orúkọ. Tẹ́lẹ̀, inú ilé ìwòsàn ńláńlá ni wọ́n ń kó àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú sí níbẹ̀, ẹlòmíràn á sì dàgbà síbẹ̀. Nígbà tí oògùn tó ń mú ọpọlọ tó dàrú balẹ̀, bíi chlorpromazine, dé láàrin ọdún 1950 sí 1960, tí Ààrẹ John F. Kennedy sì buwọ́ lu òfin ibùdó ìlera ọpọlọ láàrin ìlú ní 1963, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn. Àwọn èèyàn jáde, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn yàtọ̀, ibi tí wọ́n ti ń wá ilé yàtọ̀, ti owó ìrànwọ́ tún yàtọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀ kò lè máa sáré káàkiri wọn. Ọ̀pọ̀ padà sí ilé ìwòsàn, àwọn mìíràn bára wọn ní títì tàbí lẹ́wọ̀n. Ní ìlú Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Leonard Stein àti Mary Ann Test àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó òṣìṣẹ́ jáde kúrò ní wọ́ọ̀dù láàrin ọdún 1970 sí 1980, wọ́n ní kí wọ́n lọ bá aláìsàn nílé, ní ilé ìdáná, níbi iṣẹ́. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, bí aláìsàn mẹ́wàá ló ń kan òṣìṣẹ́ kan.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé iṣẹ́ òyìnbó kọ́ nìyẹn. Mo máa ń rán wọn létí Àrò. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ti ń gba aláìsàn sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn Àrò ká ní Abẹ́òkúta. Ìbátan kan á bá aláìsàn wá, wọ́n á jọ gbé ilé ará abúlé, ìbátan yìí á máa se oúnjẹ, á sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Kò sẹ́ni tó fún ìbátan náà lóyè, ṣùgbọ́n òun ni alábàárìn. Èyí tó wá yí padà ni pé ìbátan ti tán nílé. Ẹ wo àwọn ilé ńlá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó: àwọn ọmọ wà ní Èkó, àwọn kan wà lókè òkun, ìyá àádọ́rin ọdún nìkan ló kù pẹ̀lú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ṣé òun náà ni yóò máa wọ mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta lóṣooṣù?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Àìsàn tirẹ̀ ni èyí tí ara ẹni á máa ya gágá kọjá ààlà fún ìgbà kan, tí ọkàn yóò sì rẹ̀wẹ̀sì pátápátá nígbà mìíràn. Oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ọdún méjì léra ló ṣe padà sí ilé ìwòsàn lásìkò Iléyá. Dókítà ń wo oògùn, ẹbí ń wo ayé. Èmi lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń wo aṣọ tó kún orí tábìlì títí dé ilẹ̀. Aṣọ régbérégbé ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, kò sì sí oníbàárà tó máa gbọ́ pé kí aṣọ di ọ̀la. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ kì í fojú ba oorun fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Àìsùn sì wà lára ohun tó tètè máa ń jí irú àìsàn yẹn dìde.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó kù oṣù méjì kí Iléyá dé, èmi, òun àti ọ̀gá rẹ̀ jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà kí ọ̀gá gbọ́ sí i. A fẹnu kò pé bí ó bá ti di agogo mẹ́wàá alẹ́, kó dìde nídìí máṣíìnì. Ọ̀gá gba ọmọ iṣẹ́ kan kún un. A kọ àmì sínú ìwé: bí oorun rẹ̀ kò bá pé wákàtí mẹ́rin fún òru méjì, bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, kí ìyàwó rẹ̀ pè mí. Ìyàwó pè lẹ́ẹ̀kan, a sì tètè rí dókítà. Ní Ojúde Ọba ọdún náà, mo rí i láàrin èrò, ọmọ rẹ̀ kékeré wà léjìká rẹ̀.

Ìyá kan wà ní Ṣàgámù tó máa ń ṣa obì gbàǹja sínú apẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bá ọmọ mi wí, ó ń da oògùn nù sẹ́yìn ilé." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀." Mo ní kí ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì, kó rìn dé ẹnu géètì kó padà. Ọwọ́ ń gbọ̀n, apá kò jù bó ṣe ń rìn, ojú le koko bíi ti ẹni tó ń bínú. Kì í ṣe oríkunkun. Oògùn ọpọlọ bíi haloperidol lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara. Dókítà lè dín in kù, ó lè pààrọ̀ rẹ̀, ó sì lè fi òmíràn tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ má dá a dín kù nílé o.

Wọ́n máa ń ní wèrè tó bá ti wọjà kò ní ìwòsàn mọ́. Mi ò gbà. Ẹni tó wọjà ni ẹni tí okùn ìtọ́jú ti já mọ́ lọ́wọ́ tipẹ́. Ìtọ́jú rẹ̀ lè le sí i, ó lè pẹ́ sí i, ṣùgbọ́n èèyàn ń ti ọjà padà bọ̀ wálé.

Mi ò kì í wọ yunifọ́ọ̀mù lọ bẹ èèyàn wò. Bí mọ́tò ilé ìwòsàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹni lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo àdúgbò ti mọ̀. "Wèrè dùn ún wò, kò ṣé é bí lọ́mọ" ni àwọn àgbà wí, àwọn tó ń wò sì pọ̀. Mo lè ra gaàrí kọ́ńgò kan lọ́wọ́ ìyá ilé ká tó wọlé sọ̀rọ̀. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní January 2023 ti gba ipò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ẹ̀tọ́ ni iyì aláìsàn báyìí, kì í ṣe àánú.

Ohun tó ń dùn mí ni pé níbi púpọ̀, kò tíì sẹ́ni tí wọ́n fún ní iṣẹ́ yìí. Mo ti ṣiṣẹ́ níbì kan rí tí wọ́n ti dá ọ̀dọ́mọkùnrin kan padà sílé. Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù mẹ́rin ni a kò rí i, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Wọ́n fi okùn dì í wá nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo ń tú okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní owó ọkọ̀ ni òun kò ní.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ máa mú èèyàn yín lọ sílé, kí ẹ tó kúrò, ẹ béèrè pé, "Ta ni ká pè?" Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn, ti èèyàn kan pàtó. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ lọ sí ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín. Láti 2011 ni Àrò ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ìlera káàkiri Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹnì kan sẹ́yìn káàdì náà kí ẹ tó dìde.