Bí Orin Bach Ṣe Padà Sórí Okùn Ìfun

Lọ́dún 1953, ní ìlú Vienna, Nikolaus Harnoncourt, tó ń ta sẹ́lò nínú ọ̀kẹ́sítírà ńlá kan, àti Alice ìyàwó rẹ̀, tó ń ta fáyólììnì, kó àwọn ọ̀rẹ́ wọn jọ. Wọ́n fẹ́ mọ bí orin Bach, ará Germany tó ń ṣe orin ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, ṣe dún létí àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Concentus Musicus ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi dánra wò kí wọ́n tó ṣeré níta ní 1957. Ọdún mẹ́rin gbáko! Sùúrù yẹn wú mi lórí gan-an.

Àwọn kan ti ṣáájú wọn. Arnold Dolmetsch ti ń kan ohun èlò orin àtijọ́ ní England, Wanda Landowska sì ti fi harpsichord, irú dùùrù àtijọ́ kan, gba Goldberg Variations, iṣẹ́ Bach, sílẹ̀ sórí àwo ní 1933. Àmọ́ harpsichord tirẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ Pleyel ni, ó wúwo ju èyí tí Bach mọ̀ lọ dáadáa.

Inú okùn ni ọ̀rọ̀ wà. Ìfun àgùntàn ni wọ́n ń lọ́ ṣe okùn fáyólììnì nígbà ayé Bach. Lónìí, irin àti okùn àtọwọ́dá tí wọ́n fi irin wé ló pọ̀ jù. Ẹni tó bá ti gbọ́ gángan aláwọ àti gángan onírọ́bà kò ní bi mí ní ìyàtọ̀ wọn. Okùn ìfun máa ń há díẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, àmọ́ kì í pariwo. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, ohùn rẹ̀ lè má dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Maikirofóònù ló gbà á sílẹ̀: ó sún mọ́ ọn, ó gbọ́ gbogbo èémí rẹ̀. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí àṣà yìí fi gbilẹ̀ lórí àwo orin.

Ní 1958, Telefunken, ilé iṣẹ́ àwo orin ní Germany, dá ọ̀wọ́ àwo kan tó ń jẹ́ Das Alte Werk sílẹ̀ fún irú orin yìí. Ibẹ̀ ni Harnoncourt ti gba Brandenburg Concerto Bach mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ ní 1964. Ní 1973, Christopher Hogwood dá ẹgbẹ́ olórin Academy of Ancient Music sílẹ̀ ní England, wọ́n sì wá gba gbogbo sínfónì Mozart.

Iṣẹ́ tó tóbi jù bẹ̀rẹ̀ ní 1971: Harnoncourt àti Gustav Leonhardt, ará Netherlands, pín kàńtátà Bach, ìyẹn àwọn iṣẹ́ orin tí wọ́n ń fi ohùn àti ohun èlò kọ, tó jẹ́ pé ti ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ jù lọ, láàárín ara wọn láti gbà á sílẹ̀, ó tó nǹkan bí 200. Bíi ti ìgbà Bach ní Leipzig, àwọn ọmọkùnrin ló kọ ohùn òkè nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ó gbà wọ́n tó ogún ọdún. Nínú àpótí àwo náà, wọ́n ń fi ìwé orin sí i, kí ẹni tó ń gbọ́ lè máa fojú bá a lọ.