Ẹyin Àparò Tó Pọ̀ Ju Tilé Lọ: Ẹ Tà Á Fún Ẹni Tó Fẹ́ Jẹ Ẹ́

Abo àparò 30 tó ń yé dáadáa á máa fún yín ní ẹyin bí 24 lójúmọ́. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún ò lè jẹ ẹ́ tán, bó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó. Nígbà tí ẹyin bá ti gba inú fíríìjì tán ni àwọn tó ń sin àparò lẹ́yìnkùlé máa ń wá bi mí pé: ta ni ká tà á fún, èló sì ni ká tà á?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti owó, torí òun ni ọ̀pọ̀ máa ń fojú díwọ̀n. Àparò kan lè jẹ tó gíráàmù 25 oúnjẹ lójúmọ́. Ọgbọ̀n wọn á jẹ gíráàmù 750, àpò kílógíráàmù 25 á sì gbé wọn dé nǹkan bí ọjọ́ 33. Bí ẹ bá ń lo kíréètì oníke olójú 24, kíréètì kan lẹ ń kó lójúmọ́ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ pín owó àpò oúnjẹ sí ọ̀nà 33. Ohun tó bá jáde ni owó oúnjẹ tó wà nínú kíréètì kan. Ẹ fi owó kíréètì fúnra rẹ̀ kún un, àti ti ọkọ̀, àti ti iná alẹ́: àparò ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ wákàtí 14 sí 16 kó tó máa yé déédéé, ojúmọ́ tiwa ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju 12 lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn lèrè tó kàn. Ẹni tó bá kàn ń wo iye tí aládùúgbò ń tà á lè máa fi owó ara rẹ̀ bọ́ oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù wá nìyí. Ẹ má tà á bí oògùn. Ní nǹkan bí 2013 sí 2014, ariwo gba ìlú pé ẹyin àparò ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, títí kan àìrọ́mọbí, pé kéèyàn máa gbé e mì ní tútù láàárọ̀ kùtù. Irú ariwo yẹn gba Kẹ́ńyà kan lásìkò kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kówó lé àparò níbẹ̀. Nígbà tí ẹyin wá kún ọjà, owó rẹ̀ já wálẹ̀, owó àgbẹ̀ sì wọlẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹyin nítorí àìsàn á máa wo àìsàn náà lójú. Bí àìsàn ò bá lọ, òun ló máa lọ.

Èyí tó tún burú jùyẹn ni ewu rẹ̀. Kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Salmonella, tó máa ń da inú rú, lè wà lára èèpo ẹyin tàbí nínú rẹ̀, ti àparò bíi ti adìẹ, nítorí náà ẹ má sọ fún aláboyún, ọmọdé tàbí àgbàlagbà pé kó mu ún ní tútù. Kì í ṣòótọ́ pé kò ní kọlẹsitírọ́ọ̀lù. Ó ní in. Ara tí kò bá gba ẹyin adìẹ lè má gba tirẹ̀ náà. Bí oníbàárà bá sọ fún yín pé òun fẹ́ fi rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró, bí ẹ ò tilẹ̀ ní rówó gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ló wá ń jẹ ẹ́? Àwọn alásè ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, pàápàá àwọn tó ń ṣe small chops fún òde. Egg roll tí wọ́n fi ẹyin àparò ṣe kò ju ohun téèyàn máa fi ẹnu kan jẹ lọ, ó sì dùn ún tò sínú àwo. Ẹlẹ́mọ̀ọ́ínmọ́ín náà ńkọ́? Odidi ẹyin kan á wọ inú ewé kan láìsí pé wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní rojọ́ pé tòun kéré. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìyá ọmọ tó ń wá ohun tí wọn máa fi sínú abọ́ oúnjẹ ọmọ tó ń lọ síléèwé.

Ẹ kọ́ oníbàárà bí wọ́n ṣe ń sè é, torí ẹni tó bá bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún nínú omi tó ń hó ti tó. Ẹ dà á sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀, ẹ yí i mọ́ abọ́ kí èèpo lè sán, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó o láti ìdí tó fẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dín in, ẹ má fọ́ ọ mọ́ etí abọ́ bíi ti adìẹ. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, àmọ́ awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ yi, wẹ́wẹ́ èèpo ló máa bọ́ sínú epo. Ọ̀bẹ kékeré tó mú ni kí ẹ fi gé orí rẹ̀. Márùn-ún ló tó ẹyin adìẹ kan.

Ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni àparò sábà máa ń yé, nítorí náà ẹ kó o kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ má jẹ́ kó sùn nínú ooru. Ẹ má fọ̀ ọ́ kí ẹ tó tà á. Èyí tó bá dọ̀tí díẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Èyí tó bá dọ̀tí jù tàbí tó sán, kò yẹ lọ́jà. Kò sì sídìí tí akọ fi ní láti wà láàárín abo tí ẹ ń kó ẹyin rẹ̀ jẹ. Abo á yé láìsí akọ, ẹyin tí akọ ò bá sì lọ́wọ́ sí kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í di ọmọ nínú ooru wa.

Àparò kan ò ga jùkan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ebè tiyín ni ọjọ́ tí ẹ kọ sára kíréètì. Ẹyin tí ọjọ́ tí wọ́n kó o hàn lára rẹ̀ ni alásè á mú láàárín mẹ́wàá. Èyí tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì níta fíríìjì, ẹ má tà á.

Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ ẹyin tóun máa fi pa ọmọ àparò, ọ̀tọ̀ lọjà ìyẹn, ọ̀tọ̀ sì ni iye rẹ̀. Ẹ ya akọ kan sọ́tọ̀ pẹ̀lú abo mẹ́ta, ẹ tọ́jú ẹyin wọn síbi tó tutù tí kì í ṣe inú fíríìjì, kí ẹ sì tà á kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ 17 sí 18 ló máa gbà kí ọmọ tó jáde.