Owó Oṣooṣù fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlera Tó Lọ Kọ́ṣẹ́ ní Ìgbèríko Amẹ́ríkà: Ẹ̀bùn Ni àbí Gbèsè?

Ọ̀rọ̀ yìí ń rú ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà lójú, àwọn ọmọ wọn tó ń kọ́ ìṣègùn tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà kò yọ sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé owó wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbà láti lọ kọ́ṣẹ́ níbi tí dókítà ti wọ́n. Ẹnìkan á ní ọ̀fẹ́ ni, ẹlòmíì á ní ìdè ni. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn, torí oríṣi owó méjì ni.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì lè dá tọ́jú aláìsàn. Kí ni wọ́n wá ń sanwó fún un sí?

Ìdáhùn: Torí ibi tó máa dúró sí lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni. Ìlú ńlá ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sábà máa ń wà. Ọmọ tó bá lo gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, níbẹ̀ ló ti máa mọ ọ̀gá, níbẹ̀ ló ti máa rí ẹni tó máa fẹ́, àtikúrò níbẹ̀ á wá ṣòro. Ìdí nìyẹn tí Yunifásítì Minnesota fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta lọ gbé ní ìlú kéékèèké fún oṣù mẹ́sàn-án láti ọdún 1971. Ní 1974, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Jefferson ní Philadelphia bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń wá ọmọ tó dàgbà sí ìgbèríko gba wọlé, àwọn tó sì gba ibẹ̀ jáde ń ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ nílé: láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá.

Ìbéèrè: Ṣé owó iṣẹ́ ni wọ́n ń san fún un?

Ìdáhùn: Rárá. Owó kí ọmọ má baà wọ gbèsè ni. Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n rán lọ sí ìlú kékeré kan ní Mississippi Delta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ti tọwọ́ bọ ìwé ilé ọlọ́dún kan nítòsí yunifásítì, lanlọ́ọ̀dù kò sì ní yọ kọ́bọ̀ kúrò torí pé kò sùn nínú yàrá. Ó tún ní láti sanwó yàrá níbi tó ń lọ. Kò sí bọ́ọ̀sì níbẹ̀, mọ́tò di dandan, epo rẹ̀ náà di dandan. Iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ tó fi ń ra oúnjẹ, ó ti fi í sílẹ̀ kó tó gbéra. Ọmọ olówó á pe bàbá rẹ̀. Ọmọ tálákà á lọ bẹ iléèwé pé kí wọ́n wá ibòmíì nítòsí fún òun. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọmọ ìgbèríko, tó ṣeé ṣe jù lọ kó padà síbẹ̀ lọ sìn, ló sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò lówó àtilọ.

Ìbéèrè: Ta ló ń san owó yìí?

Ìdáhùn: AHEC (Area Health Education Center) wà lára wọn, ìyẹn àwọn ibùdó tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ìlera níbi tí ìtọ́jú ti wọ́n, tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í náwó lé lórí ní 1972. Ibùdó kan lè gba ilé sílẹ̀ de akẹ́kọ̀ọ́, òmíì á fún un lówó epo, bí agbára kálukú bá ṣe mọ. Ètò wọn tó ń jẹ́ AHEC Scholars gba ọdún méjì. Lọ́dọọdún, wákàtí 40 ni ti ẹ̀kọ́ kíláàsì, wákàtí 40 sì ni ti iṣẹ́ láàárín aráàlú. Irú owó báyìí kì í sábà so ọmọ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

Ìbéèrè: Èwo wá ni ìdè?

Ìdáhùn: Sikọ́láṣíìpù National Health Service Corps (NHSC) ni, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rán oníṣègùn lọ síbi tí ìtọ́jú ti wọ́n, tí òfin 1970 bí. Wọ́n ń san owó iléèwé, wọ́n sì ń fún ọmọ lówó oṣooṣù tó máa fi gbọ́ bùkátà. Ọdún kan tí wọ́n bá fi ràn án lọ́wọ́, ọdún kan ló máa fi sìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìsìn náà kò lè dín ní ọdún méjì, kò sì lè ju mẹ́rin lọ. Kì í ṣe ibi tó bá ṣáà ti wù ú ni yóò ti sìn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí ìjọba ti kọ sílẹ̀ pé ìtọ́jú wọ́n níbẹ̀. Ọ̀kan lára òṣùwọ̀n wọn ni kí èèyàn tó pín dókítà kan lò tó 3,500. Àwọn àdúgbò kan nínú ìlú ńlá náà wà nínú ìwé yẹn. Owó oṣooṣù yẹn ní owó orí o. Owó iléèwé kò ní owó orí ti ìjọba àpapọ̀.

Ìbéèrè: Green card ni ọmọ mi ní. Ṣé ó lè gbà á?

Ìdáhùn: Kò lè gba ti NHSC. Ó gbọ́dọ̀ ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yálà wọ́n bí i síbẹ̀ tàbí ó gba ìwé rẹ̀. Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ Conrad 30. Ti dókítà tó fi físà J-1 wá kọ́ṣẹ́ nìyẹn, kò sì sí owó akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀. Dípò kó padà sílé fún ọdún méjì bí òfin físà náà ṣe wí, á fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ níbi tí dókítà ti wọ́n. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè 30 lọ́dún.

Ìbéèrè: Bí ọmọ bá yí ọkàn padà lẹ́yìn tó ti tọwọ́ bọ̀wé ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibí yìí ni kí ẹ ti la ojú yín dáadáa. Bí dókítà bá já àdéhùn NHSC, ìlọ́po mẹ́ta owó tí wọ́n ná lé e lórí fún ìgbà ìsìn tó kù ni òfin ní kó dá padà, pẹ̀lú èlé, láàárín ọdún kan. Kò sì dìgbà tó bá sá lọ kó tó já àdéhùn. Ìtọ́jú ìdílé, ti ọmọdé, ti àgbàlagbà, ti aboyún àti ti àìsàn ọpọlọ ni wọ́n fọwọ́ sí fún dókítà. Ọmọ tó bá dé ọdún kẹta tí iṣẹ́ abẹ wá gbà á lọ́kàn ti kó sí wàhálà. Ẹni tí kò bá tíì mọ ohun tó fẹ́ ṣe, kó kọ́kọ́ wá irú owó tí AHEC ń fúnni. NHSC tún ní ètò tó fi ń bá ẹni tó ti jáde san gbèsè iléèwé, àdéhùn ọdún méjì ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ṣì wà nílẹ̀ fún un lẹ́yìn tó bá ti mọ irú dókítà tó fẹ́ jẹ́.