Eyín Tí Wọ́n Gbìn Lónìí, Ṣé A Lè Fi Jẹ Ẹran Lónìí?

Àǹtí mi tó ń ta léèsì ní Balógun já sílẹ̀ lára dáńfó tí kò tíì dúró tán ní Ojúẹlẹ́gba, eyín iwájú rẹ̀ kan lókè sì kán mọ́ erìgì. Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó gbọ́ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n lè yọ gbòǹgbò tó kù, kí wọ́n gbin òmíràn, kí wọ́n sì gbé eyín lé e, ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé òun á fi jẹ ẹran lọ́jọ́ ìnáwó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó ló rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ri gbòǹgbò tuntun mọ́ egungun yàtọ̀ sí ọjọ́ tí a lè fi gé nǹkan jẹ.

Ohun tí wọ́n ń gbìn kì í ṣe eyín fúnra rẹ̀. Skúrù kékeré tí wọ́n fi irin kan tó ń jẹ́ titanium ṣe ni, òun ló dúró bíi gbòǹgbò. Eyín tí ojú ń rí, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lé. Per-Ingvar Brånemark, ará Swídìn, ló ṣàkíyèsí lára ehoro lọ́dún 1952 pé titanium àti egungun máa ń lẹ̀ mọ́ra pátápátá. Ní 1965 ló fi tọ́jú èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n á fi erìgì bo skúrù, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí wọ́n tó gbé eyín lé e.

Lónìí, bí dókítà bá ń yí skúrù náà wọlé, irinṣẹ́ tó dà bíi sípánà fọkanáísà ló máa ń sọ fún un bó ṣe fún tó. Tó bá dé nǹkan bí 35 Ncm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń yí skúrù), ọ̀pọ̀ dókítà á gbà láti gbé eyín onígbà díẹ̀ lé e. Aláìsàn á fi ahọ́n tì í, kò mì, kò sì dùn ún. Ó ti le nìyẹn, àbí?

Líle ọjọ́ kìíní yẹn, egungun àtijọ́ ló fún un mọ́ra, bí ìṣó tí a kàn mọ́ pákó. Ara á máa jẹ egungun tó fún un yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀, kí tuntun lè hù dípò rẹ̀. Láàárín méjèèjì, ìdìmú àkọ́kọ́ á dín kù, ti tuntun kò sì tíì lágbára. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin ló máa ń bọ́ sí, nígbà tí ojú ọgbẹ́ ti jiná, tí èèyàn ti gbàgbé pé òun ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá fi gé àgbàdo sísun nígbà náà ń wewu gan-an ni. Bí skúrù bá ń mì, ẹran rírọ̀ ló máa yí i ká dípò egungun, kò sì ní lẹ̀ mọ́.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà fi bébà aláró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sáàárín eyín àǹtí mi, ó ní kó pa eyín dé, kó yí àgbọ̀n sọ́tùn-ún sósì. Ibi tí aró bá ti kan eyín tuntun, á ha á, á tún dán an wò, títí eyín ìsàlẹ̀ kò fi kàn án mọ́ rárá. Ó wá ní: “Mọ́mì, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ya fọ́tò. Eyín ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ máa fi jẹun.”

Kì í ṣe gbogbo èèyàn lèyí bá mu. Egungun tó bo iwájú eyín òkè tín-ín-rín, kì í sábà nípọn tó mìlímítà kan. Bó bá ti fọ́, tàbí tí ọyún wà nídìí eyín, dókítà lè ní kẹ́ ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, tàbí 12 sí 16. Ẹ má ṣe sá fún un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa ṣe é kíá. Sìgá àti ìtọ̀ ṣúgà tí kò sí níkàáwọ́ náà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́.

Ẹni tó sì ní òun á jẹ́ kó “gbẹ dáadáa” fún ọdún kan, nǹkan bí ìdajì fífẹ̀ egungun ibẹ̀ lè ti lọ, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì ń lọ jù. Wọ́n lè ní láti kọ́kọ́ fi egungun kún un.

Ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà lẹ lọ tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìgbà wo lẹ máa rì í? Ìgbà wo ni mo lè fi gé nǹkan?

Mọ́ínmọ́ín ni àǹtí mi jẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Oṣù kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n ri skúrù náà ni wọ́n tó gbé eyín gidi lé e.