Kí ló dé tí inú ṣì ń bí àwa tá a wo Teen Titans títí dòní?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ń wo Teen Titans Go!, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, èmi ń kọjá lọ, mo pòṣé, ló bá ní "Ọ́ńkù, kí lẹ ń pòṣé sí, ṣebí katúùn ni?" Mo jókòó tì í kí n ṣàlàyé, mi ò tíì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tó ti kọjú sí tẹlifíṣàn ẹ̀ padà. Kò burú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè farabalẹ̀ gbọ́, ẹ gbọ́ ọ, torí ìbéèrè ẹ̀ yẹn àtàwọn míì tó jọ ọ́ ni wọ́n ń bi wá ṣáá.

Ìbéèrè: Teen Titans mélòó ló wà gan-an?

Méjì lọ̀rọ̀ yìí kàn. Èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network lóṣù Keje ọdún 2003, Glen Murakami ló ṣáájú àwọn tó ṣe é, ó sì parí lóṣù Kìíní ọdún 2006 lẹ́yìn ẹ̀písóòdù 65. Àwọn akọni márùn-ún tí wọn ò tíì dàgbà tán ló jọ ń gbé nínú ilé gogoro kan tí wọ́n kọ́ bíi lẹ́tà T: Robin, Starfire, Raven, Cyborg àti Beast Boy. Ìkejì ni Teen Titans Go!, oṣù Kẹrin ọdún 2013 ni tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn márùn-ún yẹn náà ni, ilé yẹn náà ni, kódà àwọn tó fi ohùn ṣe wọ́n nígbà yẹn náà ni wọ́n pè padà, Scott Menville fún Robin, Tara Strong fún Raven, Khary Payton fún Cyborg, Hynden Walch fún Starfire, Greg Cipes fún Beast Boy. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ohùn yìí sọ́kàn o, a ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló wà nínú ti àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ fi ń pariwo ẹ̀ tó báyìí?

Síísìn kọ̀ọ̀kan ló máa ń dojú kọ ìṣòro ẹnì kan láàárín wọn. Ti Robin ló ṣáájú, ọkùnrin kan tó ń wọ ìbòjú, Slade, fẹ́ẹ̀ẹ́ yí i lórí, débi pé Robin para dà di olè ó sì ń purọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ kó ṣáà lè rí i mú. Nígbà tó kan Raven ní síísìn kẹrin, a rí i pé bàbá ẹ̀, Trigon, ẹ̀mí èṣù ni, wọ́n sì dìídì bí ọmọ yìí kó lè jẹ́ ilẹ̀kùn tí bàbá náà máa gbà wọ ayé wá bà á jẹ́. Ọjọ́ ìbí ẹ̀ pé, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ se pátí fún un, ó bínú da gbogbo ẹ̀ rú, torí òun nìkan ló mọ ohun tí ọjọ́ yẹn ń gbé bọ̀. Katúùn àwọn ọmọdé lèyí o!

Àmọ́ Terra ló pa wá. Ọmọbìnrin kan tó lágbára láti gbé ilẹ̀ àti òkúta dìde ni, ṣùgbọ́n agbára náà máa ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wá sílé wọn, Beast Boy fẹ́ràn ẹ̀ bí ojú, wọ́n fún un ní yàrá, wọ́n jọ ń jẹun, àṣé Slade ló ń bá ṣiṣẹ́, ó ti ń fi ọ̀bẹ ẹ̀yìn jẹ wọ́n níṣu látọjọ́ yìí. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, òkè oníná fẹ́ bú gbàmù, Terra yí padà kúrò lẹ́yìn Slade, ó fi ara ẹ̀ dí iná náà, òun fúnra ẹ̀ sì di òkúta, ó dúró síbẹ̀ bí ère. Wọ́n kọ ọ́ síwájú ère náà pé Titan ni, ọ̀rẹ́ tòótọ́ sì ni. Èmi tí mò ń wò ó nígbà yẹn, mo lọ dúró sí kíṣìnnì kí wọ́n má baà rójú mi.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí àwàdà nínú ẹ̀. Àwàdà pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn, Cyborg tó fẹ́ràn ẹran àti Beast Boy tí kì í fẹnu kan ẹran, àwọn méjèèjì ò yé jà lórí oúnjẹ àárọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín là ń bá jà.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe wá parí?

Ibẹ̀ ni egbò náà wà. Ẹ̀písóòdù tó gbẹ̀yìn ń jẹ́ "Things Change". Àwọn Titan dé láti ìrìn àjò, wọ́n rí i pé àwọn nǹkan ìlú ti yí padà, ẹranko funfun kan tí ara ẹ̀ ń di ohunkóhun tó bá fọwọ́ kàn ń da ìlú rú, wọ́n sì ń lé e kiri. Àárín ìyẹn ni Beast Boy rí ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ilé ìwé, Terra ni, kò sí bó o ṣe máa wò ó tó ò ní pè é ní Terra. Ó sáré lọ síbi ère yẹn, ère ti lọ. Ó padà lọ bá ọmọbìnrin náà, ó mú un lọ síbi tí wọ́n ti máa ń jẹ písà, ó mú un dé ilé wọn, ọmọ yẹn ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Lópin gbogbo ẹ̀ wọ́n dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé, ọmọ náà ṣàlàyé fún un jẹ́ẹ́jẹ́ pé nǹkan máa ń yí padà, kó gba kámú, ó yíjú, ó wọ àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù, a ò rí i mọ́. Robin pe Beast Boy pé kó wá ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sáré jáde. Ó parí.

Wọn ò sọ fún wa bóyá Terra ni. Wọn ò sọ fún wa bó ṣe bọ́ nínú òkúta. Ká má parọ́, bí mo ṣe ń dàgbà sí i ni ẹ̀písóòdù yẹn ń dára sí i lójú mi, torí ta ni kò ní ẹnì kan tó bá pàdé ní títì tí onítọ̀hún ṣe bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí? Ṣùgbọ́n béèyàn bá fẹ́ parí ìtàn síbẹ̀, kó mọ̀ pé gbèsè ló jẹ sílẹ̀ yẹn. Fíìmù Trouble in Tokyo tó jáde lọ́dún náà ò san nǹkan kan nínú ẹ̀.

Ìbéèrè: Ta ló dá a dúró, kí sì nìdí?

Àwọn tó ṣe é gan-an, ohun tí wọ́n ń sọ ò dọ́gba, nítorí náà mi ò ní búra lé e lórí. Ṣùgbọ́n ti àbúrò ẹ̀, Young Justice, katúùn àwọn ọ̀dọ́ akọni míì, hàn kedere, ó sì máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí ọjà yìí ṣe ń lọ. Young Justice bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2010, Greg Weisman àti Brandon Vietti ló ṣe é, ìtàn gidi, àwọn èèyàn sì ń wò ó. Weisman ti ṣàlàyé fún aráyé pé owó tí iléeṣẹ́ Mattel ń gbé wá nítorí àwọn ohun ìṣeré tí wọ́n ṣe láti inú katúùn náà wà lára owó tí wọ́n fi ń ṣe é. Ohun ìṣeré náà ò tà, Mattel kówó wọn ńlẹ̀, katúùn kú. Ó tán. Ẹ̀ ń wò ó ni o, ẹ ò ra bèbí!

Katúùn akọni míì, Green Lantern, tí wọ́n ń ṣe pọ̀ mọ́ ọn nígbà yẹn tiẹ̀ tún ṣeni láàánú jù. Fíìmù Green Lantern ọdún 2011 já kulẹ̀, ohun ìṣeré ẹ̀ kú sọ́wọ́ àwọn tó ń tajà, nígbà tí katúùn wá dé wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ náà sétí mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí alángbá á sá. Katúùn tí kò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀, ó kú pẹ̀lú ẹ̀písóòdù 26 péré.

Paul Dini, tó wà lára àwọn tó kọ katúùn Batman ayé àtijọ́, tún sọ ọ́ lórí pọ́díkáàsì kan lọ́dún 2013 pé àwọn ọ̀gá ò fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin pọ̀ jù lára àwọn tó ń wo irú katúùn báyìí, torí lójú tiwọn àwọn ọmọbìnrin kì í ra ohun ìṣeré akọni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́ mi ní wíwo Teen Titans o. Ẹ ò rí nǹkan.

Ìbéèrè: Teen Titans Go! ńkọ́? Kí ló ṣe yín gan-an?

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó dé. Young Justice parí ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2013, wọ́n gbé Wally West, ọ̀kan lára àwọn akọni ẹ̀, lọ mọ́ wa lójú, wọ́n fi Darkseid, ọ̀tá burúkú kan, hàn wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n tilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ bíi márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀ ni Go! wọlé. Òkú ò tíì tutù.

Lẹ́yìn náà ni ohùn yẹn. Téèyàn bá gbọ́ ohùn Raven yẹn, ohun tó ń wá sọ́kàn ẹ̀ ni ọmọ tó ń sá fún bàbá ẹ̀, ohùn kan náà ló wá ń kọrin àwàdà báyìí. Ká ní àwọn òṣèré mìíràn ni wọ́n kó wá, ó dá mi lójú pé ìbínú náà ò ní tó ìdajì. Ó dà bíi kí àǹtí yín tẹ́ ẹ ti ń retí láti ọdún méje pe fóònù yín, kẹ́ ẹ gbé e pẹ̀lú ayọ̀, kó wá jẹ́ pé àwàdà ló fẹ́ ṣe, kò sì fẹ́ sọ ibi tó wà.

Ẹ̀kẹta, wọ́n mọ̀ pé inú ń bí wa, wọ́n sì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ṣe ẹ̀písóòdù kan tí wọ́n pè ní "The Return of Slade". Gbogbo wa jókòó. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá Slade jà tán ni, ìjà náà dùn ju gbogbo ìjà lọ, a ò sì rí ìkankan nínú ẹ̀. Ohun tí wọ́n wá ń bá ọ̀rọ̀ lọ lé lórí ni aláwàdà tó máa ń kun ojú níbi pátí ọmọdé, Cyborg àti Beast Boy ń ṣàròyé pé nígbà àwọn kéré aláwàdà yìí dáa jù báyìí lọ. Àwa ni wọ́n ń bá wí. Mo rẹ́rìn-ín o, mi ò ní parọ́, ọgbọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ata ni wọ́n fi sójú egbò yẹn.

Ìbéèrè: Ṣé kò wá dáa rárá ni?

Ó dáa. Kò ṣe é fi wé ti àkọ́kọ́ ni. Ẹ̀písóòdù ẹ̀ ti lé dáadáa ní 300, kì í ṣe èèṣì ló fi ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín tó báyẹn. Fíìmù tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 dùn, Nicolas Cage ló fi ohùn ṣe Superman, Stan Lee ti Marvel, iléeṣẹ́ tó ń bá wọn du ọjà, gan-an yọjú síbẹ̀ ó ń jó. Aaron Horvath àti Michael Jelenic, àwọn tó ṣe é, àwọn kọ́ ló pa ti àkọ́kọ́, ó ti tó ọdún méje tó ti kú kí wọ́n tó dé. Èébú tí wọ́n ń bú wọn, àwọn tó ń ka iye bèbí tí wọ́n tà ló yẹ kó lọ sọ́dọ̀ wọn.

Ìbéèrè: Wọ́n ṣáà dá Young Justice padà. Ṣé a máa rí síísìn kẹfà Teen Titans?

Òótọ́ ni, àwọn èèyàn wo Young Justice lórí Netflix títí wọ́n fi kéde lóṣù Kọkànlá ọdún 2016 pé ó ń bọ̀, ó sì dé lóṣù Kìíní ọdún 2019. Ní ti Titans, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ níparí fíìmù 2018 yẹn, ojú tẹlifíṣàn ṣe wúyẹ́wúyẹ́, Robin ti ayé àtijọ́ yọ jáde pẹ̀lú àwòrán ayé àtijọ́, ó ní àwọn ti rí ọ̀nà padà. Ohun tó tẹ̀ lé e ni fíìmù 2019 kan tí wọ́n ti jẹ́ kí àwọn márùn-ún ìsinsìnyí àtàwọn márùn-ún àtijọ́ jọ pàdé, wọ́n jà, wọ́n rẹ́, kálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ látibi tí ìtàn dúró sí. Ẹranko funfun yẹn, ojú tẹlifíṣàn kò tíì fi bí wọ́n ṣe mú un hàn wá títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Mo tan "Things Change" fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì dìde. Nígbà tó parí, ó mú rìmóòtù lọ́wọ́ mi, ó ń tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó wá yíjú sí mi: "Ọ́ńkù, èyí tó kàn dà?"