Bí a ṣe ń mọ ohun tó ń yún ẹṣin lára, àti bí a ṣe ń tù ú

Ẹṣin kò lọ́wọ́ tí yóò fi họra. Ìdí nìyí tó fi máa ń fara gbo igi, ògiri àti ọgbà, tàbí kí ó máa fi eyín gé ara rẹ̀ jẹ. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni irun ń já, awọ ń bó, ojú ibẹ̀ ń gbóná, yíyún náà á sì tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ká mú kí yíyún rọlẹ̀ lónìí, ká sì wá ohun tó fà á. Ẹni tó bá ṣe èkíní tó fi èkejì sílẹ̀ yóò kàn máa ra oògùn ni.

Ibi tó ń yún ló kọ́kọ́ ń tú àṣírí. Kí a tó fi ohunkóhun pa ẹṣin lára, ká mú un síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ká fi ọwọ́ gba inú irun rẹ̀ lódìlódì láti etí dé ìrù. Ká ya gọ̀gọ̀ rẹ̀ wo gbòǹgbò irun, ká gbé ìrù sókè, ká wo ìlà àárín ikùn, àárín itan àti ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ lókè pátákò. Ká sì béèrè pé: ṣé ẹyọ ẹṣin kan lara ń yún, àbí àwọn tí wọ́n jọ wà pa pọ̀? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ó sábà máa ń jẹ́ pé nǹkan kan wà tí ara tirẹ̀ kò gbà. Bó bá ti ń kárí, iná (kòkòrò tó ń gbé inú irun), kòkòrò awọ tàbí làpálàpá ni ká fura sí.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti kantíkantí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Culicoides. Kò gùn ju mìlímítà 1 sí 3 lọ, abo rẹ̀ nìkan ló sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Itọ́ tó ń fi sílẹ̀ nínú awọ ni wàhálà. Àwọn ẹṣin kan wà tí ara wọn kì í gba itọ́ yìí rárá. Ara á máa bá a jà bí ẹni pé májèlé ni. Ìpìlẹ̀ ìrù àti gọ̀gọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà èjìká àti ìlà àárín ikùn. Irun ìrù á gé kúkúrú ṣákaṣàka, awọ abẹ́ rẹ̀ á nípọn, á sì ká jọ. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 2 sí 4 ọjọ́ orí ẹṣin, á sì máa le sí i lọ́dọọdún bí a kò bá dá a lọ́nà. Kì í ràn. Ẹ wo àwọn ẹṣin tí wọ́n bí sí Iceland, níbi tí wọ́n ti dàgbà láìmọ kantíkantí: bí wọ́n bá kó wọn lọ sí ilẹ̀ mìíràn, àrùn yìí máa ń mú wọn gan-an ju àwọn ọmọ wọn tí wọ́n bí sí ilẹ̀ tí kantíkantí wà.

Bó bá jẹ́ pé ìdí nìkan lẹṣin ń gbo, tí gọ̀gọ̀ àti ikùn rẹ̀ sì dán, ká ronú nípa aràn. Aràn kan wà tó ń jáde wá yé ẹyin rẹ̀ sí ẹnu ihò ìdí, pẹ̀lú nǹkan kan bí àtè tó máa ń gbẹ tó sì máa ń yún. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ sábà máa ń ta á nù, nítorí ìta ni ẹyin náà wà. Sẹ́lótéèpù ni ká fi tẹ ẹnu ihò ìdí náà láàárọ̀, ká gbé e fún dókítà ẹran kí ó wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Yàtọ̀ sí oògùn aràn, ká máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti àkísà nu ibẹ̀ lójoojúmọ́, ká sì sọ àkísà náà nù.

Iná ẹṣin ṣeé fojú rí. Ẹyin rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ irun gọ̀gọ̀ àti ti ìrù. Bí a bá ya irun ibẹ̀ síra tàbí tí a yà á sórí bébà funfun, a ó rí i. Kì í gbé ara ènìyàn. Oògùn permethrin ń pa èyí tó ti jáde, ṣùgbọ́n kò ka ẹyin sí, nítorí náà ká tún un lò lẹ́yìn ọjọ́ 14. Gbogbo ẹṣin tó wà pa pọ̀ la ó ṣe é fún lọ́jọ́ kan náà, a ó sì fọ búrọ́ọ̀ṣì, aṣọ ẹṣin àti ìtẹ́lẹ̀ gàárì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ológbò sún mọ́ permethrin. Ó lè pa á. Ẹṣin onírun ẹsẹ̀ gígùn tó ń fi pátákò janlẹ̀ ṣáá, tó ń fi eyín gé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ, kòkòrò awọ tó kéré ju iná lọ ló sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ká gé irun ẹsẹ̀ náà kí oògùn tó lè dé awọ.

Bí ara ẹṣin bá ṣàdédé lé káàkiri, tí ojú ibẹ̀ sì ń jìn bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, oúnjẹ titun, oògùn, abẹ́rẹ́ tàbí kòkòrò ló sábà ń fà á. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín wákàtí 24 sí 48. Ṣùgbọ́n bí imú àti ojú bá ń wú, ká pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀: imú nìkan ni ẹṣin fi ń mí, kò lè gba ẹnu mí.

Àwọn àrùn awọ kan sì wà tó jọ ìwọ̀nyí tí kì í sábà yún. Làpálàpá máa ń mú kí irun re ní róbótó. Ó ń ran ènìyàn, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Èyí tí òjò ń fà máa ń di èépá tí irun dì mọ́ lórí ẹ̀yìn, ó sì máa ń dunni bí a bá fọwọ́ kàn án. Bó bá jẹ́ ibi tí irun ti funfun nìkan ló bó, oòrùn ni, ewéko kan tó jẹ lè wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì lè máa ṣàìsàn.

Ní ti títù ú, omi tútù ni àkọ́kọ́. Ká fi rọ́bà omi da á síbi tó ń yún fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kó máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Omi gbígbóná ń fa ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ, á sì dá kún yíyún. Bí egbò tàbí ọyún bá ti wà, ọṣẹ olómi tó ní chlorhexidine (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn) ìdá 2 sí 4 nínú 100 ló dára. Fún awọ tó kàn gbẹ, èyí tí wọ́n fi ọkà ọ́ọ̀tì tí wọ́n lọ̀ kúnná ṣe. Ká kọ́kọ́ fi omi pò ó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ká fọwọ́ rà á dé awọ, ká wo aago: ìṣẹ́jú 10 ni kó fi wà níbẹ̀, torí ọṣẹ tí a ṣàn nù kíákíá kò rí àyè ṣiṣẹ́. Ibi ṣíṣàn nù gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ọṣẹ tó kù sí gbòǹgbò gọ̀gọ̀ a máa yún ẹṣin fúnra rẹ̀, nítorí náà ká ṣàn án títí omi tó ń kán sílẹ̀ kò fi ní ho mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Wíwẹ̀ lójoojúmọ́ ń bó òróró ara kúrò. Èépá tó bá ti rọ̀ ká mú un kúrò, èyí tó bá ń lọ́ra ká fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ìpara èyíkéyìí, ká kọ́kọ́ fi pa ibi kékeré kan lọ́rùn, ká dúró fún wákàtí 24 wo ohun tí yóò ṣe.

Fún ti kantíkantí, omi àti ọṣẹ kò ní tó. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde jù, torí náà kí ẹṣin ti wọlé kí oòrùn tó wọ̀, kó má sì jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lásán kì í dá a dúró; ó ń gba ojú rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n kò lágbára láti fò nínú atẹ́gùn, ìdí nìyí tí fáànù ńlá fi ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ẹṣin, tí pápá orí òkè sì sàn ju etí omi tàbí ibi ẹrọ̀fọ̀ lọ. Aṣọ ẹṣin tó bo ọrùn àti ikùn ni ká wọ̀ fún un, kí àkókò kantíkantí tó dé, kí yíyún má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí ara bá gbóná ju 38.5°C lọ, bí ọyún bá ń rùn, tàbí tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí ìyàtọ̀, ó di ti dókítà ẹran. Oògùn sítẹ́rọ́ìdì ló ń yára dá yíyún dúró jù, ṣùgbọ́n ó lè fa laminitis, ìyẹn wíwú inú pátákò tó lè sọ ẹṣin di arọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ẹṣin ní èyí tó kù nínú igò tí wọ́n lò fún òmíràn.